Ọjọ́ Mẹ́jọ Láìfọhùn

Obìnrin arúgbó tí Nàfísàt ń tọ́jú ní Ajax, ní Kánádà, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní aláìsàn. Olórin ni òun. Bí dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti jẹ tán, ìyẹn kan dókítà. Òun Gerlinde Voss, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, olórin tó ń sinmi ohùn lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn, kó wo ògiri pálọ̀: àwòrán níhìn-ín, àwo orin lọ́hùn-ún, ọmọge méjì onírun dídì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kan náà nínú gbogbo wọn.

Ọdún méjì ni Nàfísàt ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti Scarborough lọ síbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà ní kó máa pe òun ní Gerlinde. Nàfísàt ní kò lè ṣeé ṣe, pé ẹnu ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn kò lè pe ẹgbẹ́ ìyá-ìyá rẹ̀ lórúkọ gbansasa kó má wọ́. Obìnrin náà ní òun ò bímọ rí. Nàfísàt ní ìyẹn ò ní kó má jẹ́ Mama. Bó ṣe di Mama nìyẹn, tí òun náà sì di Nafi, tí wọ́n jọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe èdè ẹnì kankan nínú wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bó bá ti ń fi ìpara pa orúnkún fún un láàárọ̀, ìtàn ni Mama máa ń sọ. Abúlé kan lábẹ́ òkè, ní gúúsù Jámánì, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ta ọtí, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, Gerlinde àti àbúrò rẹ̀ Traudel, a sì máa kọ orin àtijọ́ abúlé wọn fún àwọn tó ń mutí. Gerlinde ló ni ohùn òkè. Traudel ló ń fi ohùn ìsàlẹ̀ gbè é. Ọkùnrin kan tó ń ṣe àwo orin ní Munich yà mutí lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ wọn, ó sì kó wọn lọ. Ó fi gìtá àti ìlù ìgbàlódé sí orin àwọn baba wọn, ó ní kí wọ́n má bọ́ aṣọ ọmọge abúlé lọ́rùn, orin náà sì gbòde kan. Àwọn awakọ̀ táksí ń kọ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé wọn jáde lálẹ́ Sátidé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi gun bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń lo kóòmù kan náà.

Ibi tí ìtàn náà ti máa ń bàjẹ́ ni ọdún 1983. Wọ́n ti lẹ pósítà ìlú mẹ́tàlélógún nígbà tí Gerlinde pàdé Walter, ẹnjiníà kan ará Kánádà. Gerlinde di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ di olórin ńlá ní Amẹ́ríkà, òun á fi ìwé ránṣẹ́ sí Traudel. Traudel nìkan ló gun orí ìtàgé ní ìlú àkọ́kọ́, òun àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn èrò kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dìde lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Traudel sọ̀ kalẹ̀, kò sì kọrin mọ́ láyé rẹ̀. Búrẹ́dì ló lọ ń tà.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé Gerlinde dé. Ó kọrin ní gbọ̀ngàn àwọn ará Jámánì ní Kitchener, ní Kánádà tí Walter mú un wá, ó kọrin níbi àjọ̀dún ọtí bíà àti níbi ìgbéyàwó, ó ta kásẹ́ẹ̀tì láti inú bùútù ọkọ̀ Walter. Níkẹyìn, ó di ẹni tí ń kọrin fún àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, àwọn tí oorun ti ń gbé lọ kó tó dé ẹsẹ kejì. Walter kú. Lẹ́tà mẹ́rin ni Gerlinde kọ sí àbúrò rẹ̀ láàárín ogójì ọdún ó lé, kò sì rí èsì kan gbà.

“Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ tuntun,” ó wí fún Nàfísàt lọ́jọ́ kan. “Kí Traudel bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Ìyẹn nìkan ni mò ń tọrọ.”

Nàfísàt sì ṣe àmín. Àmín tọkàntọkàn ni, nítorí ó ti fẹ́ràn obìnrin náà.

Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù Fẹ́búárì, bíi aago mẹ́wàá àárọ̀, tẹlifóònù ilé dún. Mama ti sùn lọ sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ. Nàfísàt gbé e ní kíṣìnnì. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní Jens lòun ń jẹ́, ọmọ Traudel, láti Jámánì. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró ìyá òun jẹ́, àwọn dókítà ní kò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn dáadáa, láti àná ló sì ti ń bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jens kò mọ̀ bóyá àǹtí òun á fẹ́ pè. Ogójì ọdún kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ó ní kí Nàfísàt ṣáà bá òun sọ fún un.

“Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ,” ó wí, “ẹ ní kó kọrin. Màá gbé fóònù sí ìyá mi létí.”

Nàfísàt kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn páálí oògùn. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré wọ pálọ̀ lọ jí arúgbó náà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bí Nàfísàt, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ènìyàn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, Bùròdá Mùnírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ́kọ́ pè é pé ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá gbéra díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní wọ́n ti dá Bàbá dúró sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí, bóyá ó ti jẹun, Nàfísàt sì ti jókòó kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Bàbá ti wà nínú ilẹ̀. Kò bínú sí wọn. Ó gbà pé wọ́n fẹ́ràn òun ni wọ́n ṣe gbé òun sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí kò rò wò ni pé ẹni tó ti kú kì í kánjú. Traudel ṣì wà láàyè, ó sì ń dúró.

Ó pe Àǹtí Kúbúrátù ní Newmarket. Obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó fún ọdún méjìdínlógún, kò sì sí obìnrin kan nínú mọ́sáláṣí wọn tí kì í gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Nàfísàt, má lọ já ọ̀rọ̀ ikú lu mama yẹn láyà o,” Àǹtí Kúbúrátù wí. “Somebody with heart condition? Tó bá ṣubú lé ẹ lọ́wọ́ ńkọ́? Small small ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n.”

Nígbà tí Mama jí, ó ní òun gbọ́ tẹlifóònù lójú oorun. Nàfísàt ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Jens ọmọ Traudel ló pè. Mama di apá àga mú. Ojú rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún funfun sí i, gbogbo ohun tí Àǹtí Kúbúrátù sọ sì padà wá sí Nàfísàt lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Kò sí nǹkan burúkú, Mama. Ọ̀fìnkìn díẹ̀ ló mú Àǹtí Traudel. Wọ́n ní ká kí yín. Wọ́n ní kí ẹ pe àwọn.”

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rò pé òmùgọ̀ ni Nàfísàt. Ó ti rò ó dáadáa. Mama á pè lójú ẹsẹ̀, á gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, Jens á sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí èyí tó kù. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà á wọlé, bí omi ṣe ń wọ gààrí.

Mama sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá lóòótọ́ ni Traudel ní kí òun pè. Ó na ọwọ́ sí tẹlifóònù. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ padà.

“Ọ̀fìnkìn lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Díẹ̀ ni.”

“Kò sí díẹ̀ fún olórin,” Mama wí. “A kì í bá olórin tó lọ́fìnkìn sọ̀rọ̀.”

Ó wá là á yé e. Nígbà tí wọ́n ń gun bọ́ọ̀sì kiri, bí ọ̀fìnkìn bá mú ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, ìbáà ṣe láti bèèrè omi. Èkejì náà á sì pa ẹnu mọ́, kí ẹni tó ń ṣàìsàn má bàa rí ẹni dá lóhùn. Ìwé pélébé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe pa ohùn wọn mọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn, nígbà tí ohùn àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ya bí aṣọ.

“Bí mo bá pè é lónìí, á dá mi lóhùn. Bó bá dá mi lóhùn, ohùn á bàjẹ́. Mo ti dúró fún ogójì ọdún, Nafi. Kí ni ọjọ́ mẹ́jọ?”

Ó mú ìborùn, ó wé e mọ́ ọ̀fun, ó ní kí Nàfísàt bá òun mú ìwé àti kálàmù wá. Láti ìgbà náà, kò sọ gbólóhùn kan mọ́. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ gba ààwẹ̀ ohùn.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Nàfísàt ti sọ òótọ́. Láti ọdún méjì, kò rí i kí inú arúgbó náà dùn tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbé e láti gba ayọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun á wí.

Lọ́jọ́ kejì, Mama ń kọ orúkọ orin sínú ìwé, àwọn tí wọn á jọ kọ lórí tẹlifóònù. Ó kọ mẹ́sàn-án, ó fagi lé méjì, ó tún dá ọ̀kan padà. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Nàfísàt kà á, ó lọ sí ilé ìwẹ̀, ó sunkún níbẹ̀, ó fọ ojú, ó padà wá po tíì.

Abdulmajeed, ọkọ rẹ̀, tó ń kó ẹrù nínú wéàháùsì kan, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun. Ó gbé síbí sílẹ̀.

“This one no be small small matter, Nàfísàt. Ẹni tó ń kú lọ, o ní ó ní catarrh. Lọ sọ fún un today.”

Nàfísàt ní Abdulmajeed kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá arúgbó lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé inú bọ́ọ̀sì, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tó wọlé, ó gbé ìgbésẹ̀ kejì bí Bùròdá Mùnírù ṣe gbé e fún òun. Ó ní Jens tún pè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó pè. Ó ní ọ̀fìnkìn náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà Traudel.

Mama mi orí. Ó mú kálàmù: “Àyà? Ó di ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn.”

“Mama, ẹ kúkú pè wọ́n lónìí,” Nàfísàt wí. “Ẹ kàn kí wọn lásán. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa sọ̀rọ̀.”

Mama wò ó bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: “Ṣé o fẹ́ pa ohùn rẹ̀ ni?”

Bí Nàfísàt bá sì ṣe ń fẹ́ sún ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òótọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń sún ìpè náà jìnnà sí i. Ó rò ó láti fi fóònù ara rẹ̀ pe Jens. Nọ́ńbà wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ wí? Pé òun ò tíì jẹ́ iṣẹ́ tó rán òun? Ìtìjú mú un, Friday sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá di Monday, òun á wọ ìgbésẹ̀ kẹta, òun á ní wọ́n ti dá Traudel dúró sí ọsibítù, òun á sì ní kí obìnrin ilé kejì wá jókòó ti Mama. Sátidé àti Sunday kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló wá.

Ní Monday, kò tíì bọ́ kóòtù tán nígbà tí tẹlifóònù dún, Mama ló sì súnmọ́ ọn jù. Ó gbé e sí etí, kò sọ̀rọ̀. Nàfísàt dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú apá kóòtù kan lọ́wọ́. Èdè Jámánì ń jáde wúyẹ́wúyẹ́ nínú fóònù, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mama ń gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì sọ. Ó tún un sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

“Traudel kú lánàá,” ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. “Jens ní òun ti bá ọ sọ̀rọ̀ láti Tuesday. Ó ní òun sọ fún ọ pé kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ṣé irọ́ ló ń pa?”

Nàfísàt ti kúnlẹ̀. “Òótọ́ ni, Mama.”

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

Ó ṣàlàyé. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbà lójijì. Ó ní nítorí ọkàn Mama ni. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti Bùròdá Mùnírù, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Mama gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èdè ìlú tí kò dé rí. Kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ sàn kó pariwo.

“Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè bóyá mo ti pè,” Mama wí. “Jens kò mọ ohun tó máa wí. Nígbà tó di Sátidé, Traudel ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ó ti yé òun. Ṣé o gbọ́, Nafi? Ó ti yé e. Èmi ń pa ẹnu mọ́ nítorí rẹ̀, òun sì rò pé mo pa ẹnu mọ́ sí òun.”

Ọjọ́ Thursday ni wọ́n sin ín. Jens gbé fóònù kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àǹtí òun kọrin kan fún wọn. Nàfísàt mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání fún un. Mama kọ ìlà kìíní, ohùn náà sì já geere, ó mọ́, ó dán ju bí Nàfísàt ṣe gbọ́ ọ rí lọ, nítorí ìsinmi náà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbé orí sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti yẹ kó wọlé, ó dúró. Ó ní kí Nàfísàt pa tábúlẹ́ẹ̀tì náà.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Mama jẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún un, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Nàfísàt ń gbàdúrà lórí ìrun kọ̀ọ̀kan pé kí Ọlọ́run tu ọkàn rẹ̀. Ó ti ń rò ó pé bóyá àánú ti wọ̀ ọ́, pé bóyá díẹ̀díẹ̀ wọ́n á tún padà sí bí wọ́n ṣe wà.

Ní Friday, òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ìka Nàfísàt ti kú nínú ìbọ̀wọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mama ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó bi í bí ìta ṣe rí.

“Kò burú, Mama,” Nàfísàt dáhùn. “Kò tutù púpọ̀.”

Kò ronú kó tó sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Mama mú ọ̀pá rẹ̀. Ó dìde, èyí tí kì í dá ṣe, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Nàfísàt sì fẹ́ dì í mú, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn gbá yìnyín wọlé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́rùn, ó wo ìta títí ojú rẹ̀ fi ń da omi, ó wá ti ilẹ̀kùn padà.

“O kì í ṣe ènìyàn burúkú,” ó wí. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ohun tí o bá sọ fún mi, mo ní láti dìde lọ wò ó fúnra mi. Ẹsẹ̀ mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, Nafi.”

Ó padà jókòó, ó ń mí gúlegúle. Ó ní kó bá òun tẹ nọ́ńbà ọ́fíìsì àwọn olùtọ́jú tó rán an wá, nítorí ojú òun ò rí i. Nàfísàt tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ́hùn-ún, ó fi fóònù náà sí Mama létí, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.